Ọgbà Lekki: igbó tó ṣẹ́kù láàárín ilé àti títì

Ará Ìlárá Rẹ́mọ kì í ṣe àjèjì sí igbó. Inú oko obì àti kòkó ni ọ̀pọ̀ wọn ti dàgbà, wọ́n sì mọ igbó Orò, tí ẹnikẹ́ni kì í dá oko sí. Bí irú wọn bá gba Ṣágámù lọ sí Èkó, tó bá àwọn ènìyàn tí wọ́n ń sanwó kí wọ́n tó wọ igbó ní Lekki, ẹ̀rín lè kọ́kọ́ pa á.

Nigerian Conservation Foundation, àjọ tí Olóyè Shafi Lawal Edu dá sílẹ̀ ní 1980, ló ń bójú tó ọgbà náà. Ọdún 1990 ni wọ́n dá a sílẹ̀, hẹ́kítà 78 péré sì ni. Igbó ọba Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí erin ṣì ń gbé, fẹ̀ jù ú lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n àwọn agégẹdú àti olóko kòkó ti jẹ ẹ́ wọlé gan-an.

Àbàtà ló pọ̀ nínú ilẹ̀ ọgbà Lekki. Bí òjò bá rọ̀, irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń gba omi dúró, tó ń fà á mu díẹ̀díẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti da iyanrìn dí àbàtà láti kọ́lé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ onílé ni omi ń wọ́ lọ. Àwọn tó ń gbé Lekki kò nílò alásọyé lórí èyí.

Orí afárá pákó tí wọ́n tẹ́ sókè àbàtà ni àlejò ń rìn. Ọ̀nì àti ejò wà nísàlẹ̀, nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà. Afárá olókùn tó gba àárín orí igi kọjá tún wà níbẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 2015. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401, ó sì ń mì jìgìjìgì. Ẹni tí òòyì máa ń kọ́ kò ní ohun tó ń wá níbẹ̀.

Níbi ìgbafẹ́, tí tábìlì àti ìjókòó wà fún àwọn tó gbé oúnjẹ wá, ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú. Ọ̀bọ ibẹ̀ kò bẹ̀rù ènìyàn mọ́. Bí wọ́n bá gbọ́ ìró ọ̀rá bísíkíìtì, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì lè já ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbà lọ́wọ́ ọmọdé. Àwọn òbí á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún ju búrẹ́dì sí wọn. Àṣìṣe gbáà nìyẹn. Èso igbó ni ọ̀bọ ń jẹ, òun ló sì ń gbé kóró rẹ̀ kiri tí igi tuntun fi ń hù. Èyí tí búrẹ́dì bá ti mọ́ lára yóò pa èso tì, yóò sì máa bu ẹni tí kò bá fún un ní nǹkan jẹ. Àrùn ènìyàn lè ran ọ̀bọ, ti ọ̀bọ náà sì lè ran ènìyàn.

Kí olúkúlùkù di oúnjẹ rẹ̀ sínú àpò tó ṣeé pa dé, kó sì kó gbogbo ọ̀rá rẹ̀ padà sílé. Òwúrọ̀ kùtù, lọ́jọ́ iṣẹ́ tí èrò kò pọ̀, ló dára jù fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohùn ẹyẹ.