Ọgbẹ́ Tí Kì Í Ṣẹ̀jẹ̀ Lára Àgbà

Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ara balẹ̀ wo agbo ilé wa yóò rí àgbà tí oúnjẹ ń dé iwájú rẹ̀ lásìkò, tí aṣọ rẹ̀ mọ́ tónítóní, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbé ọwọ́ lé, síbẹ̀ tí ó ń fi ìpayà jí, tí ó ń fi ìpayà sùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nínú ẹni mẹ́fà tí ó ti pé 60 ọdún sókè, bí ẹnì kan ni a ń hùwà àìdáa sí láàrin ọdún kan, èyí tí ó sì wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ti ọ̀rọ̀ àti ìdẹ́rùbà tí í ba ọkàn jẹ́.

A kì í tètè mọ̀ ọ́n, nítorí àmì rẹ̀ jọ ti ogbó. Ìyá tí í pa àlọ́ fún gbogbo ọmọ àdúgbò wá dákẹ́. Bàbá kò jẹ oúnjẹ tán mọ́, oorun dá lójú wọn. A ní ara àgbà ni, a sì kọjá lọ. Lóòótọ́, ogbó a máa múni dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi ìyá pé, "Màmá, ṣé ẹ ti jẹun?" tí wọ́n kọ́kọ́ yíjú wo ìyàwó ilé, tí ìyàwó sì ti dáhùn kí ẹnu ìyá tó là, ogbó kọ́ nìyẹn. Bí ọmọ bá fóònù láti London, tí ìyá kò sọ ju "a dúpẹ́, a dúpẹ́" lọ nítorí pé etí ẹlòmíràn wà nínú ọ̀rọ̀ náà, kí ó bẹ ẹni tí ìyá fọkàn tán kí ó lọ bá wọn jókòó láwọn nìkan.

Ohùn tí a fi ń ṣe é kì í sábà ròkè. "Ṣé ẹ ò ní kú kí a sinmi ni?" Òmíràn a yan ìyá lódì fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, a sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ-ọmọ pé kí wọ́n má dé yàrá wọn. Èyí tí ó burú jù ni kí iyè àgbà máa ra, kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ lóru, kí wọ́n máa ṣìnà ilé, èyí tí í ṣe àrùn ọpọlọ tí dókítà mọ̀, kí a wá sọ wọ́n di àjẹ́, kí a wọ́ wọn lọ síwájú wòlíì láti jẹ́wọ́ ohun tí wọn kò ṣe.

Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2015 lórí ìwà ipá, tí a fi lélẹ̀ fún Abuja, tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì ti ṣe irú tiwọn, ka bíba ọkàn ẹni jẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ó tó ẹ̀wọ̀n ọdún kan tàbí owó ìtanràn 200,000 náírà. Ṣùgbọ́n a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni: mélòó ni ìyá tí yóò fa ọmọ rẹ̀ lọ sí kóòtù? Àbúrò ìyá tàbí olórí ẹbí ni ó sábà máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ṣáájú, bí wọ́n bá yà sílé láìránṣẹ́ ṣáájú. Kí wọ́n bi ẹni tí ń tọ́jú àgbà náà léèrè pẹ̀lú, nítorí agara ti dá ẹlòmíràn; òun nìkan ní í fọ aṣọ ìtọ̀, tí í jí lóru, nígbà tí àwọn ọmọ yòókù ń fi owó ránṣẹ́, tí wọ́n sì ń fi fóònù ṣe ọ̀gá.