Pirodúsà àti synth rẹ̀: ẹni tó ń dá ohùn sílẹ̀ kí akọrin tó la ẹnu

Orúkọ akọrin ni gbogbo ayé ń mọ̀. Ṣùgbọ́n kí olórin tàkasúfèé tó la ẹnu rárá, ẹnìkan ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láti alẹ́ di ìdájí, tó ń wá bí ìlù yóò ṣe dún, bí báàsì yóò ṣe wọlé, àti irú ohùn tí àwọn ènìyàn yóò fi dá orin náà mọ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀. Ẹni yẹn là ń pè ní pirodúsà.

Ní Jahi, àdúgbò Abuja tí Gwarinpa, Kado àti Katampe yí ká, lórí ilẹ̀ àwọn Gbagyi, ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí kò nílò situdíò ńlá kó tó bẹ̀rẹ̀. Yàrá kan tó o, pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù àti headphone. Ìbéèrè tó sì máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn rẹ̀ ni pé: synth wo ni kí n rà? Owó ló wà nídìí ìbéèrè náà, kò sì yẹ ká fojú kéré rẹ̀. Èrò tèmi ni pé owó tó pọ̀ jù kọ́ ló ń sọ ènìyàn di pirodúsà. Ẹni tó bá mọ synth kan délé dóko yóò ju ẹni tó kó ogún jọ láìmọ ìkankan.

Synth jẹ́ ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná dá ohùn sílẹ̀. Ìtàn rẹ̀ lọ́dọ̀ wa sì ti pẹ́ ju bí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ṣe rò lọ. Láàárín 1977 sí 1985, William Onyeabor ń gbé àwo jáde léraléra ní Enugu, ó ń fi synth kọ orin tirẹ̀, ó sì ń gbé e jáde fúnra rẹ̀. Oníṣòwò ni, ó lówó tó fi ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Luaka Bop, ilé-iṣẹ́ àwo ní New York, kó àwọn orin náà jọ ní 2013, orúkọ tí wọ́n fún àwo náà, Who Is William Onyeabor?, fi hàn bí òkìkí rẹ̀ ṣe kéré tó lẹ́yìn odi nígbà náà. Ó kú ní oṣù Kínní 2017. Lọ́dọ̀ àwa Yorùbá, King Sunny Adé ti fi synth sáàárín gìtá àti gángan nínú Synchro System ní 1983. Ọdún yẹn kan náà ni Yamaha gbé synth DX7 jáde, ọdún náà sì ni MIDI dé, ìyẹn ọ̀nà tí ẹ̀rọ orin kan fi ń bá òmíràn sọ̀rọ̀. Bí kò bá sí MIDI, iṣẹ́ pirodúsà inú yàrá kì bá tí rí bó ṣe rí lónìí.

Orúkọ pirodúsà wá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Nàìjíríà láàárín 2004 sí 2010. OJB Jezreel ṣiṣẹ́ lórí Face 2 Face, àwo 2Face tó jáde ní 2004. Don Jazzy àti D'banj dá ilé-iṣẹ́ orin Mo' Hits sílẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà. ID Cabasa kó Lord of Ajasa, 9ice àti Olamide jọ sábẹ́ ilé-iṣẹ́ rẹ̀, Coded Tunes, wọ́n sì fi Yorùbá ṣe tàkasúfèé láìtijú. Abuja náà ní ìpín tirẹ̀: ibẹ̀ ni wọ́n ti dá ilé-iṣẹ́ orin Chocolate City sílẹ̀ ní 2005. Jesse Jagz, ọmọ Jos, tó ń kọrin tó sì tún ń ṣe bíìtì, wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí Talk About It, àwo M.I ti 2008. Òun náà ló ṣe bíìtì "Oleku" fún Ice Prince ní 2010. Nítorí náà, kò dìgbà tí ọmọ Jahi bá kó ẹrù lọ sí Èkó kó tó di pirodúsà.

Kí ló wá yẹ kó yàn? Ọ̀rọ̀ iná ni kó kọ́kọ́ rò. Ní oṣù Kẹrin 2024 ni wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí ogún lójúmọ́ fún, lọ sí ₦225 fún kilowatt kan ní wákàtí kan. Ẹni tí kò sí ní Band A, inverter tàbí jẹnẹrétọ̀ ni yóò gbára lé. Synth tí a ń kì bọ ara ògiri yóò kú lójú ẹsẹ̀ tí iná bá lọ, bí ẹ kò bá sì tíì tọ́jú ohùn tí ẹ ń ṣe sínú rẹ̀, ó ti lọ nìyẹn. Láptọ́ọ̀pù yóò dúró dè yín. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé synth inú kọ̀ǹpútà ló yẹ kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lò.

FL Studio, ètò kọ̀ǹpútà fún ṣíṣe orin tí Image-Line ní Belgium ṣe, tó ń jẹ́ FruityLoops nígbà tó kọ́kọ́ jáde, ni ọ̀pọ̀ pirodúsà wa fi kọ́ṣẹ́. Ẹni tó bá rà á lẹ́ẹ̀kan kò ní sanwó àtúnṣe mọ́. Synth kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní 3x Osc, tí àwọn ọmọ máa ń fò kọjá nítorí pé kò wuni lójú. Òun gan-an ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, torí pé kò sí ohun tó fara pa mọ́ lára rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Vital, tí Matt Tytel gbé jáde ní 2020, tó ní ẹ̀dà ọ̀fẹ́. Ọ̀fẹ́ ni Surge XT. Ọ̀fẹ́ náà ni Dexed, tó ń ṣe bíi DX7. Pẹ̀lú gbogbo èyí, kò sídìí láti fi kíráàkì kó fáírọ́ọ̀sì bá kọ̀ǹpútà ẹni. Owó tó bá kù, ẹ fi ra kíbọ́ọ̀dù MIDI kékeré tó ń gba iná láti ara kọ̀ǹpútà, àti headphone tí kì í fi báàsì tanni jẹ. Bí iṣẹ́ bá ti ń mówó wọlé, ẹ lè wá wo synth àfọwọ́tẹ̀ bíi microKORG tàbí Arturia MicroFreak.

Ní ti kíkọ́ ọ, ọ̀nà tí ohùn ń gbà nínú ọ̀pọ̀ synth kò yàtọ̀. Oscillator ló ń bí ohùn. Filter ń sẹ́ ẹ, ó ń yọ èyí tó mú jù tàbí tó wúwo jù kúrò. Envelope ló ń pàṣẹ bí yóò ṣe wọlé, bí yóò ṣe rẹlẹ̀, bí yóò ṣe dúró, àti bí yóò ṣe kú nígbà tí ìka bá kúrò. LFO ló ń mì ín.

Ẹ jẹ́ ká mú báàsì 808. Roland ṣe ẹ̀rọ ìlù TR-808 láàárín 1980 sí 1983, ọjà rẹ̀ kò yá, wọ́n sì pa á tì. Ṣùgbọ́n "Planet Rock" tí Afrika Bambaataa gbé jáde ní 1982 ti fi ohun tó lè ṣe han ayé. Láti ṣe irú ohùn bẹ́ẹ̀, ẹ pa àwọn oscillator yòókù, ẹ fi ẹyọ kan sílẹ̀, ẹ yàn án sí sine, ìyẹn ohùn tó mọ́ lóló. Ẹ jẹ́ kí envelope rẹ̀ wọlé lójú ẹsẹ̀, kí ó sì máa rẹlẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú àáyá kan, kí sustain, ìyẹn bí ohùn ṣe ń dúró, wà ní òdo. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, yóò kàn máa hùn ni. Ẹ wá so envelope kejì mọ́ gíga ohùn náà, kí ó bẹ̀rẹ̀ lókè, kí ó já wálẹ̀ kíákíá. Ìró tó ń gbá àyà yóò yọ lójijì. Ẹ fi distortion díẹ̀ sí i, kí ohùn tó ga lè kún un, nítorí orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gbọ́ orin, ẹnu fóònù kò sì lè gbé ohùn tó rẹlẹ̀ tó 50 Hz. Lẹ́yìn náà, ẹ rí i pé ohùn báàsì bá ohùn orin mu. Bíìtì tí báàsì rẹ̀ kò bá orin mu ti bàjẹ́, bó ti wù kí ìlù rẹ̀ dùn tó.

Níbí ni ọmọ Yorùbá ti ní àǹfààní tí kò yẹ kó fi ṣeré. Ẹ wo onígángan: kì í kàn fò láti ohùn kan bọ́ sí òmíràn, ó ń yọ̀ lọ ni, bó ṣe ń fún ọsán ìlù náà mọ́ra. Lórí synth, glide tàbí portamento ló ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Ẹ fi synth sí mono, kí ohùn kan ṣoṣo máa dún lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi glide sí bíi 80 milliseconds, kí ẹ sì jẹ́ kí nóòtì kan bẹ̀rẹ̀ kí èyí tó ṣáájú rẹ̀ tó parí. Dr. Dre lo irú yíyọ̀ bẹ́ẹ̀ lókè pátápátá, lórí ohùn synth tó ń sunkún nínú The Chronic ní 1992. Ohun tí mo fẹ́ kí pirodúsà wa dán wò ni pé kí ó mú gbólóhùn Yorùbá kan, kó kọ dò, rè, mí rẹ̀ sílẹ̀, kó fi ṣe ìlà báàsì, kó sì fi glide so ó pọ̀. Ẹni tó ti ń gbọ́ oríkì lórí ìlù láti kékeré yóò mọ ibi tó yẹ kí ohùn ti yọ̀, àti ibi tó yẹ kí ó ti dúró gírí.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ dídá ohùn sílẹ̀ fúnra ẹni wà nínú ìtàn DX7. Ẹ̀rọ náà ní operator mẹ́fà, tó ń ṣe iṣẹ́ oscillator, tí a lè tò pọ̀ lọ́nà 32, ó sì le láti tún ṣe débi pé ohùn tí Yamaha ti fi sínú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olórin ń lò bó ṣe wà. Ìdí nìyẹn tí ohùn dùùrù kan náà fi kún orin ayé láàárín ọdún 1983 sí 1990. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lónìí pẹ̀lú àwọn preset, ìyẹn ohùn tí ẹlòmíràn ti ṣe sílẹ̀, tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp àti Telegram kò yàtọ̀ sí i. Ẹ lo preset bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ tú u palẹ̀, ẹ wo bí filter rẹ̀ ṣe wà, kí ẹ wá gbìyànjú láti tún un ṣe láti orí òfìfo. Ẹ̀kọ́ pọ̀ níbẹ̀ ju fídíò lọ. Ẹni tó bá rí ọ̀gá tó máa jẹ́ kó jókòó ti òun nígbà iṣẹ́, kó má ṣe jẹ́ kó bọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ló kù, mo sì fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ gbọ́ ọ dáadáa. Copyright Act 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta 2023, dáàbò bo orin àti ohùn tí a gbà sílẹ̀. Ẹ̀tọ́ náà bẹ̀rẹ̀ látìgbà tí a bá ti ṣe iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ìwé lọ́wọ́, àtijà fún un ni yóò nira. Olú ọ́fíìsì Nigerian Copyright Commission wà l'Abuja níbí, wọ́n sì ń gba àkọsílẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀yin pirodúsà Jahi, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó fi bíìtì ránṣẹ́ sí akọrin, ẹ kọ ẹni tó ṣe é sílẹ̀, iye tó jẹ́, àti ìdá tó kàn yín nínú owó orin náà, kí ẹ̀yin àti akọrin jọ fọwọ́ sí i.