Ọjọ́ kan tí a fi ẹsẹ̀ rìn ní Ìdáàṣà: òkè 41, ta ni yóò júwe wọn lọ́la?

Ní Akofodjoulè, bí a bá ní à ń lọ sí ìlú, Igbó Ìdáàṣà ni à ń sọ, èyí tí ìwé ìjọba ń pè ní Dassa-Zoumè. À ń lọ tajà níbẹ̀, à ń lọ gba ìwé ìbí ọmọ, à ń lọ kí aláìsàn, a sì máa ń padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n kí èèyàn jí láàárọ̀, kó ní òun ń lọ wo ìlú lásán, ìyẹn kò wọ́pọ̀ láàárín wa. Ohun tí àwa mẹ́ta ṣe nìyẹn ní Sátidé kan nínú oṣù kọkànlá, nígbà tí òjò ti dáwọ́ dúró, tí ọyẹ́ kò sì tíì dé láti bo ojú òkè.

Àwòrán tí ìbátan wa kan fi ránṣẹ́ láti Stockholm, olú ìlú Sweden, ló tì wá síta. Láti àárọ̀ di alẹ́ ló fi ẹsẹ̀ rin ìlú náà. Orí erékùṣù 14 ni wọ́n kọ́ ọ sí, afárá ló so wọ́n pọ̀. Ó wọ àdúgbò àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Gamla Stan, níbi tí ọ̀nà kan wà tó há débi pé kò fẹ̀ ju nǹkan bí 90 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ó wo ààfin ọba tó ní yàrá tó lé ní 600. Lẹ́yìn náà ló sanwó wo ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Vasa. Ọdún 1628 ni ọkọ̀ yìí rì, ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó gbéra ní èbúté. Ọdún 1961 ni wọ́n tó fà á jáde nínú omi.

Ó wá bi wá léèrè pé, kí ni ẹ̀yin ń fi han àlejò nílé? Ọ̀rọ̀ náà dùn wá. Àwọn ará ọ̀hún ń gbowó lórí ọkọ̀ tó rì. Àwa tí wọ́n ń pe ìlú wa ní ìlú òkè 41, òkè wa dúró ṣinṣin, a kò sì lè ka orúkọ mẹ́wàá nínú wọn.

Oríta

Zémidjan gbé wa láti Akofodjoulè ní ìdájí, ó sì já wa sí oríta ńlá. Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ wa ni ọkọ̀ wa. Ọ̀nà tó ti Kútọnu wá, ìrìn nǹkan bí 200 kìlómítà, ibẹ̀ ló ti pín sí méjì: ọ̀kan gba Savè lọ sí Parakou, èkejì gba Savalou lọ sí Djougou. Kò sí wákàtí tí bọ́ọ̀sì kì í dúró níbẹ̀. Àwọn ìyá àti ọmọge a sáré pẹ̀lú igbá lórí: ọsàn, ẹ̀pà, búrẹ́dì, wàràǹkaṣì. Èrò inú ọkọ̀ a na owó láti ojú fèrèsé, wọn a wo òkè lókèèrè, ọkọ̀ a sì gbéra.

A dúró wò wọ́n fún ìgbà díẹ̀. Nínú gbogbo ọkọ̀ tó dúró lójú wa, a kò rí èrò kan tó sọ̀ kalẹ̀ láti wo ìlú.

A ra àkàrà àti ẹ̀kọ, a jẹ ẹ́ lórí ìjókòó, a sì wọ inú ìlú. Bí a ṣe ń lọ, a ń ronú sí orúkọ ìlú náà. “Zoumè” jẹ́ èdè Fọ̀n, “inú igbó” ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ohun kan náà ni àwa ń sọ nígbà tí a bá pè é ní Igbó Ìdáàṣà. Ní òní, ilé àti ọjà ló gba ibi púpọ̀ tí igbó wà nígbà náà, àmọ́ àwọn òkè kò yẹsẹ̀. Ilé wà lẹ́sẹ̀ òkúta, ewúrẹ́ ń gun ẹ̀yìn ilé lọ bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn, obìnrin sì ń sá ẹ̀gẹ́ sórí àpáta tó tẹ́ pẹrẹsẹ.

A kọjá ojú irin tí àwọn Faransé là láti Kútọnu, èyí tó dé Parakou ní 1936. Ó ti pẹ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ ti gbé èrò kẹ́yìn. Koríko ti bo ibì kan nínú rẹ̀, àwọn ọmọdé ń rìn lórí irin náà pẹ̀lú apá nínà kí wọ́n má baà ṣubú.

Arigbo

Ibi tí àlejò mọ̀ jù ní Ìdáàṣà ni ihò àpáta Arigbo, ibi ìjọsìn àwọn Kátólíìkì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún Màríà Wúńdíá. Láti 1954 ni àwọn onígbàgbọ́ ti ń wá síbẹ̀. Nínú oṣù kẹjọ ọdọọdún ni èrò ń ya bò ó láti gbogbo ilẹ̀ Benin, àti láti Tógò àti Nàìjíríà pẹ̀lú. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ní 1995, Ìdáàṣà di ibùjókòó bíṣọ́ọ̀bù tirẹ̀.

Ní ọjọ́ tí àwa dé ibẹ̀, ẹni mélòó kan péré ló wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó pa rọ́rọ́, ẹyẹ nìkan ló ń dún. Ìyá kan tó ń ta àbẹ́là lẹ́bàá ọ̀nà sọ fún wa pé bí oṣù kẹjọ bá dé, òun kì í ráyè jókòó. Bí ó bá kọjá, òun lè ta àbẹ́là méjì láàárọ̀ di ọ̀sán. Ọ̀rọ̀ yìí bá wa lọ títí ilẹ̀ fi ṣú. Oṣù kan ni ọjà, oṣù mọ́kànlá ni ìdúró.

Bàbá àti ọ̀pá rẹ̀

Lẹ́yìn Arigbo, a fẹ́ gun òkè kan. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má kàn gbẹ́sẹ̀ lé òkúta. Ojúbọ wà lórí àwọn òkè kan, ibòmíràn sì jẹ́ ti ìdílé. A béèrè ọ̀nà, wọ́n sì mú wa lọ bá bàbá àgbàlagbà kan. A dọ̀bálẹ̀, a fún un ní obì, a sọ ohun tí a bá wá. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó ṣíwájú wa.

Ọ̀nà náà gba àárín òkúta ńlá méjì kọjá, ó há débi pé ẹ̀gbẹ́ ni a fi wọlé. A rántí ọ̀nà tóóró ti Stockholm, a sì rẹ́rìn-ín. Bàbá ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ó ní nígbà tí ogun Dàhòmì ń wá kó èèyàn, irú ojú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ló gba àwọn baba ńlá òun là, torí ẹnì kan tó dúró lókè pẹ̀lú òkò lè dá ọ̀pọ̀ jagunjagun dúró nísàlẹ̀. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí bá ìtàn mu. Láti Abomey ni ọmọ ogun Dàhòmì ti ń jáde, wọ́n ń kó ẹrú káàkiri ilẹ̀ Yorùbá àti ilẹ̀ Máhì, wọ́n sì ń tà wọ́n létí òkun ní Ouidah. Orí òkè ni àwọn Ìdáàṣà sá sí. Ìgbà tí Béhanzin ọba Dàhòmì bọ́ sọ́wọ́ Faransé ní 1894 ni ẹ̀rù ogun náà tó kúrò nílẹ̀.

Ó fi àwọn ihò roboto hàn wá lórí àpáta, níbi tí àwọn obìnrin ti máa ń lọ ọkà nígbà tí wọn kò lè sọ̀ kalẹ̀. A fi ọwọ́ kàn án, ó ń dán bí inú àwo.

Ní agbedeméjì òkè ni orúnkún bàbá kọ̀. Ó jókòó, ó fi ọ̀pá nà sí àwọn òkè yòókù, ó ń dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ èyí tí omi kì í gbẹ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ àti ìdílé tó ni èyí tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ló pe ọmọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí kò lè ju ọdún 12 lọ, pé kó mú wa dé orí. Ọmọ náà yára bí ewúrẹ́. Nígbà tí a dé orí, tí gbogbo ìlú tẹ́ sílẹ̀ níwájú wa, a ní kó tún àwọn orúkọ náà kà. Ó ka méjì. Ní ìkẹta, ó wo ilẹ̀.

A kò bá a wí. Àwa tí a bí i léèrè, mélòó ni àwa fúnra wa mọ̀?

Ìṣirò ọjọ́ kan

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, àpáta sì ti gbóná débi pé ó ń ta ẹsẹ̀ nínú bàtà. A jẹ iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ní ilé oúnjẹ kan. Níbẹ̀ ni a ti ṣírò ohun tí a ná: àkàrà àti ẹ̀kọ 900 séfà, omi 600, iyán 3,000, ọsàn 500, obì bàbá àti ẹ̀bùn ọmọ rẹ̀ 1,500. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 6,500 séfà láìka owó zémidjan. Èrò inú bọ́ọ̀sì tó dúró ní oríta lè má ná ju owó búrẹ́dì kan lọ. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn ni ebi ń pa, òun ni òǹgbẹ ń gbẹ, òun náà ló ń ráyè wo ọjà.

Àwọn ará Copenhagen, olú ìlú Denmark, ti rí i bẹ́ẹ̀. Ní 1962 ni wọ́n lé mọ́tò kúrò ní òpópónà ọjà wọn tí wọ́n ń pè ní Strøget, ó gùn ju kìlómítà kan lọ. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù pariwo pé ọjà àwọn ti bàjẹ́. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ rọ́ wá, ọjà sì ń tà. Títí di òní, mọ́tò kò padà síbẹ̀.

A kò sọ pé kí a dí ọ̀nà Parakou o. Ohun tí a rí kò náni lówó púpọ̀: kí wọ́n fi pátákó júwe ọ̀nà láti oríta dé Arigbo àti dé ẹsẹ̀ òkè, kí àwọn ìdílé tó ni òkè fẹnu kò lórí iye tí àlejò yóò san àti ibi tí kò gbọ́dọ̀ dé, kí ọ̀dọ́ tí yóò máa mú èèyàn gòkè kọ́kọ́ jókòó ti àgbà, kó kọ́ orúkọ àti ìtàn. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni kò lè dúró. Pátákó lè dé lọ́dún tó ń bọ̀. Orúnkún bàbá kò ní ṣe ju bó ti ṣe yìí lọ.

Kí a tó padà sí Akofodjoulè, a yà kí bàbá pé ó dìgbà. A ti kọ orúkọ òkè 17 sínú ìwé àjákọ ọmọ ọmọ rẹ̀, bí bàbá ṣe pè wọ́n, ọmọ náà ló sì di ìwé náà mú. Ó ku 24. A ti ṣàdéhùn pé a ó padà wá ní Sátidé mìíràn, ní àárọ̀ kùtù kí òkúta tó gbóná. Bàbá ní kí a má gbàgbé obì.