Àwọn Obìnrin àti Ìwé Kọ́míìkì

Ọ̀rọ̀ tí a ó gbé yẹ̀ wò lórí ètò yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ eré létí àwọn ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ ìwé kọ́míìkì ni. Kọ́míìkì ni ìwé tí ó ń fi àwòrán tí a tò tẹ̀ léra wọn sọ ìtàn, tí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ẹ̀dá-ìtàn sì máa ń wà nínú àmì róbótó lẹ́bàá orí wọn. Àwọn tí wọ́n ka ìwé Atọ́ka láyé ọjọ́un mọ ohun tí ó fara jọ ọ́. Fọ́tò àwọn òṣèré tíátà Yorùbá ni Atọ́ka fi ń sọ ìtàn tirẹ̀; àwòrán tí a fi ọwọ́ yà ni kọ́míìkì fi ń sọ tirẹ̀.

Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn ni pé: ta ni ó ni ìwé náà? Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó ti pẹ́ tí a ti ń gbọ́ ọ pé ohun ìṣeré ọmọkùnrin ni kọ́míìkì, pé obìnrin kì í kà á, pé bí ó bá sì yà á, kò lè dára. Ṣé òtítọ́ ni? Bí kì í bá ṣe òtítọ́, níbo ni irú èrò bẹ́ẹ̀ ti wá, ìpalára wo ni ó sì ti ṣe? Mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ kí ẹ fara balẹ̀ bá mi tú u wò, nítorí pé ẹnu kan náà tí a fi ń sọ pé ìwé kan kì í ṣe ti ọmọbìnrin ni a fi ń sọ pé iṣẹ́ kan kì í ṣe tirẹ̀.

Ọ̀dọ̀ àwọn ayàwòrán ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìgbà kan tí obìnrin kò sí nínú iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 1896 ni Rose O'Neill ti ya ìtàn aláwòrán sínú ìwé ìròyìn kan tí ń jẹ́ Truth. Ní ọdún 1937, Jackie Ormes, obìnrin aláwọ̀ dúdú, bẹ̀rẹ̀ ìtàn Torchy Brown nínú Pittsburgh Courier, ìwé ìròyìn àwọn aláwọ̀ dúdú. Ọmọbìnrin tí ó kúrò ní ìgbèríko Gúúsù lọ sí Harlem láti lọ wá òkìkí ni Torchy. Láti ọdún 1945 títí di 1956, Ormes yìí kan náà ya Patty-Jo 'n' Ginger, nínú èyí tí ọmọdébìnrin kékeré kan ti ń sọ òkodoro ọ̀rọ̀ nípa ẹlẹ́yàmẹ̀yà àti òṣèlú. Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ FBI tilẹ̀ ṣí fáìlì lé e lórí nítorí àwọn tí ó ń bá rìn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn obìnrin mìíràn ní láti ṣe kí wọ́n tó ríṣẹ́. Dalia ni orúkọ Messick. Ó yí i padà sí Dale, orúkọ tí ó lè jẹ́ ti ọkùnrin, nítorí ó ti rí i pé àwọn olóòtú kì í ka iṣẹ́ sí bí wọ́n bá ti rí orúkọ obìnrin lára rẹ̀. Ní ọdún 1940 ni ó bẹ̀rẹ̀ Brenda Starr, ìtàn obìnrin akọ̀ròyìn, tí ó sì yà á fún ogójì ọdún. Bákan náà ni June Tarpé Mills gé June kúrò lára orúkọ rẹ̀ nígbà tí ó gbé Miss Fury jáde ní ọdún 1941. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Bí ènìyàn bá ní láti bọ́ orúkọ rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà kí iṣẹ́ rẹ̀ tó ríbi wọlé, kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu pé àwọn tí ó wá ń ka ìtàn iṣẹ́ náà lẹ́yìn ọ̀la ní àwọn kò rí obìnrin níbẹ̀.

Ó ku ti àwọn òǹkàwé. Ní ọdún 1947, Joe Simon àti Jack Kirby, àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n dá Captain America sílẹ̀, gbé Young Romance jáde, ìwé kọ́míìkì tí ó kún fún ìtàn ìfẹ́. Àwọn obìnrin ni wọ́n ṣe é fún, àwọn obìnrin sì rà á tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé mìíràn fi sáré ṣe irú rẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, ìwé ìfẹ́ ti kún orí àtẹ àwọn tí ń ta ìwé ìròyìn. Ní àkókò kan náà yìí ni ọjà ọ̀pọ̀ nínú àwọn akọni alágbára tí ń fò lófurufú ń lọ sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní obìnrin kì í ka kọ́míìkì kò mọ ìtàn ọjà náà.

Kí ni ó wá lé wọn lọ? Ohun méjì ni mo fẹ́ tọ́ka sí. Èkíní ni òfin tí àwọn atẹ̀wé ṣe fún ara wọn ní ọdún 1954, lẹ́yìn tí àwọn aṣòfin ti pè wọ́n wá jẹ́jọ́ lórí ìwà àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Òfin náà pa á láṣẹ pé ìtàn ìfẹ́ gbọ́dọ̀ máa gbé ilé àti ìgbéyàwó ga. Gbogbo ìtàn bá ń parí sí ibì kan náà, adùn wọn sì dín kù. Èkejì, tí ó tún lágbára ju èyí lọ, ni ọ̀nà tí a ń gbà ta ìwé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 sókè, Phil Seuling bá àwọn atẹ̀wé ṣe àdéhùn tuntun: kí wọ́n máa kó ìwé ránṣẹ́ tààrà sí àwọn ṣọ́ọ̀bù tí ń ta kọ́míìkì nìkan, ní ẹ̀dínwó, ṣùgbọ́n kí ṣọ́ọ̀bù má lè dá èyí tí kò tà padà. Ẹni tí kò lè dá ọjà padà kì í dán ohun tuntun wò. Èyí tí ó dá a lójú ni yóò rà, èyí tí ó sì dá ọ̀pọ̀ wọn lójú ni ìwé akọni alágbára tí àwọn fúnra wọn fẹ́ràn láti kékeré. Young Romance kógbá sílé ní ọdún 1975. Young Love tẹ̀ lé e ní ọdún 1977. Ọmọbìnrin tí ń ra ìwé rẹ̀ níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń ra ọṣẹ àti bisikíìtì kò rí i níbẹ̀ mọ́. A kó ọjà kúrò níwájú rẹ̀ tán, a wá sọ pé kò wá ọjà.

Àwọn obìnrin kò káwọ́ gbera. Ní San Francisco, àwọn ọ̀dọ́ kan ń tẹ kọ́míìkì tí kò tẹ̀ lé òfin ọdún 1954 rárá. Òmìnira ni wọ́n ń pariwo rẹ̀, síbẹ̀ àwọn ọkùnrin inú wọn kì í pe obìnrin sí ìwé tí wọ́n ń ṣe pọ̀. Nígbà tí Trina Robbins rí èyí, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwé kan jáde ní ọdún 1970 tí ó jẹ́ pé obìnrin nìkan ni ó yà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní ọdún 1972 ni Wimmen's Comix bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀dà 17 ni ó jáde títí di ọdún 1992, àwọn obìnrin náà sì ń gba iṣẹ́ olóòtú lọ́wọ́ ara wọn. Wọ́n kọ nípa oyún ṣíṣẹ́ àti nípa ìgbésí ayé obìnrin bí wọ́n ti mọ̀ ọ́n gan-an. Robbins kò fi mọ bẹ́ẹ̀: ó lo ọ̀pọ̀ ọdún láti ṣàwárí orúkọ àwọn ayàwòrán obìnrin tí a ti gbàgbé, ó sì kọ wọ́n sínú ìwé kí ó tó kú ní ọdún 2024.

Àwọn òǹkàwé obìnrin náà ní ojú tiwọn. Ní ọdún 1994, nínú ìwé Green Lantern kan, wọ́n pa ọ̀rẹ́bìnrin akọni, wọ́n sì kó òkú rẹ̀ sínú fíríìjì kí akọni lè délé bá a. Ní ọdún 1999, Gail Simone, tí iṣẹ́ irun ṣíṣe ni ó ń ṣe nígbà náà, to orúkọ àwọn ẹ̀dá-ìtàn obìnrin tí wọ́n ti pa, tí wọ́n ti fipá bá lò pọ̀, tàbí tí wọ́n ti gba agbára lọ́wọ́ wọn nínú kọ́míìkì. Orúkọ náà pọ̀ jọjọ. Ohun tí ó ń fi hàn kò ju pé nínú ọ̀pọ̀ ìtàn, ikú obìnrin kò wà fún nǹkan mìíràn ju kí inú lè bí ọkùnrin. Àwọn kan ní ó kórìíra kọ́míìkì. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ẹni tí kò fẹ́ràn ìwé kì í kà á títí tí yóò fi mọ iye òkú inú rẹ̀. Simone fúnra rẹ̀ di òǹkọ̀wé kọ́míìkì lẹ́yìn náà, ó sì kọ Birds of Prey àti Wonder Woman.

Èyí ni ó gbé wa dé agbo àwọn olólùfẹ́ kọ́míìkì, níbi tí ẹ̀tanú náà ti le jù. Kì í ṣe gbogbo ọkùnrin inú agbo náà ni ó ń hu ìwà yìí, ṣùgbọ́n àwọn tí ń hù ú ti ba nǹkan jẹ́ fún ọ̀pọ̀. Bí obìnrin bá ní òun fẹ́ràn akọni kan, wọn a máa da ìbéèrè bò ó bí ẹni pé ó wá ṣe ìdánwò; wọn kì í bi ọkùnrin bẹ́ẹ̀. Ní àwọn àpéjọ ńlá, àwọn obìnrin tí ó wọ aṣọ ẹ̀dá-ìtàn ni wọ́n ń fọwọ́ kàn láìgbàṣẹ, títí tí àpéjọ ti New York fi gbé pátákó kalẹ̀ ní ọdún 2014 pé aṣọ tí ènìyàn wọ̀ kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Ní ọdún 2016, wọ́n fi èébú lé Chelsea Cain, tí ó kọ ìtàn Mockingbird, kúrò lórí Twitter. Ní oṣù keje ọdún 2017, àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ Marvel kan ya fọ́tò níbi tí wọ́n ti ń mu wàrà aládùn láti fi bu ọlá fún Flo Steinberg tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Steinberg yìí ni akọ̀wé ọ́fíìsì Marvel ní ọdún 1960 sókè, òun ni ó máa ń dá àwọn olólùfẹ́ lésì lẹ́tà wọn. Èébú ni àwọn kan fi dá àwọn tí ó wà nínú fọ́tò náà lóhùn, wọ́n ní irú wọn ni ó ń ba kọ́míìkì jẹ́. Ẹ ro ó wò: obìnrin tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà sí àwọn olólùfẹ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ń ṣe ìrántí rẹ̀, wọ́n sì ń sọ pé àjèjì ni obìnrin nínú ilé náà.

Kì í ṣe Amẹ́ríkà nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ìlú Angoulême ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n máa ń fi ẹ̀bùn ńlá dá ayàwòrán kan lọ́lá lọ́dọọdún. Ní ọdún 2016, orúkọ 30 ni wọ́n tò sílẹ̀ fún ẹ̀bùn náà, kò sì sí obìnrin kan ṣoṣo níbẹ̀. Àwọn obìnrin ayàwòrán ní kí ẹnikẹ́ni má dìbò. Àwọn ọkùnrin mélòó kan tí orúkọ wọn wà níbẹ̀, bíi Riad Sattouf, sì ní kí wọ́n yọ orúkọ àwọn kúrò. Àwọn aláṣẹ kọ́kọ́ dáhùn pé bí ìtàn kọ́míìkì ti rí nìyẹn. Nígbà tí ó yá, wọ́n fi ìbò sílẹ̀ fún àwọn ayàwòrán láti yan ẹni tí ó bá wù wọ́n. Rumiko Takahashi ti ilẹ̀ Japan gbà á ní ọdún 2019, Julie Doucet ní 2022, Posy Simmonds ní 2024, Anouk Ricard sì ní 2025. Àwọn obìnrin wọ̀nyí kì í ṣe ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n ti wà níbẹ̀ kí a tó kà wọ́n kún.

Ẹlòmíràn lè ní bí Ọlọ́run ti dá obìnrin ni, pé ohun aláwòrán kì í wù ú. Ilẹ̀ Japan fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, àwọn ìwé kọ́míìkì kan wà fún ọmọbìnrin ní pàtó, láti ọdún 1970 sókè sì ni àwọn obìnrin bíi Moto Hagio àti Keiko Takemiya ti sọ wọ́n di iṣẹ́ ọnà ńlá. Nígbà tí àpéjọ àwọn olólùfẹ́ tí a ń pè ní Comiket bẹ̀rẹ̀ ní Tokyo ní ọdún 1975, ọmọbìnrin ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí ó wá. Nígbà tí a túmọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀, bíi Sailor Moon ti Naoko Takeuchi, sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí a sì gbé e sí ṣọ́ọ̀bù ìwé gbogbogbòò ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀ náà rọ́ wá. Lẹ́yìn èyí ni Raina Telgemeier kọ Smile ní ọdún 2010, ìtàn eyín rẹ̀ tí ó kán nígbà èwe, ìwé náà sì wà lára àwọn tí ó tà jù lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Obìnrin kò yí padà. Ibi tí a ń pàtẹ ìwé sí àti ohun tí a kọ sínú rẹ̀ ni ó yí padà.

Ọ̀rọ̀ náà sì ti kan ilẹ̀ wa. Marguerite Abouet, tí a bí ní Abidjan, kọ Aya de Yopougon ní ọdún 2005, nípa àwọn ọmọbìnrin àdúgbò kan ní Ivory Coast. Ó gba ẹ̀bùn ní Angoulême ní ọdún 2006. Nnedi Okorafor, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kọ LaGuardia, ìtàn dókítà obìnrin kan tí ó ti Èkó lọ sí New York. Ìwé náà gba ẹ̀bùn Eisner àti Hugo ní ọdún 2020.

Kí ni ẹ̀kọ́ inú èyí fún àwa olùkọ́? Nígbà tí a bá ń pín ìwé ní kíláàsì, ẹ má ṣe jẹ́ kí á máa sọ pé èyí ti ọkùnrin ni, èyí ti obìnrin ni. Bí ọmọbìnrin kan kò bá ka ìwé kan, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ béèrè bóyá a ti gbé e sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó, kí á sì wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí irú rẹ̀ nínú ìtàn náà. Bí ọmọ bá ń yàwòrán sẹ́yìn ìwé ìṣirò rẹ̀, kí á wo àwòrán náà kí á tó bá a wí, kí á sì jẹ́ kí ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin, bí obìnrin bá jókòó ti yín pẹ̀lú ìwé tí ẹ fẹ́ràn, ẹ má bi í ní ìbéèrè ìdánwò. Ẹ bi í ibi tí ó kà dé.