Ibi Tí Ìbọn Bàbá Ń Sùn

Ẹ̀yin òbí, àti ní pàtàkì ẹ̀yin ọdẹ tí ẹ wà láàárín wa, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń sọ lójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ ìbọn ni. A kò wá bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó ní ìbọn. Láti Kétu títí dé Ṣábẹ̀ẹ́, iṣẹ́ ọdẹ kì í ṣe ohun àjèjì. Ẹran ìgbẹ́ ti tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa dàgbà, ó sì ti sanwó ilé-ìwé ọmọ. Ohun tí a fẹ́ béèrè kò ju èyí lọ: nígbà tí ọdẹ bá ti inú igbó dé, tí ó wẹ̀, tí ó jẹun, tí ó sì sùn, níbo ni ìbọn rẹ̀ ń sùn?

Ẹni tí ó bá ń wọ ilé àwọn ènìyàn ní ìgbèríko ti mọ ìdáhùn. Ìbọn wà lára ògiri, ó gbé kọ́ orí ìṣó, lókè ẹní tí àwọn ọmọ ń sùn lé. Tàbí kí ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tàbí lábẹ́ ibùsùn. Àpò ẹ̀tù àti ọta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí bàbá má baà máa wá wọn kiri. Bí ẹ bá sì sọ̀rọ̀, bàbá yóò ní: “Mo ti kìlọ̀ fún wọn. Kò sí ọmọ tí ó jẹ́ fọwọ́ kàn án nínú ilé yìí.”

A kò sọ pé bàbá náà ń parọ́. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣègùn ọmọdé kan ní Amẹ́ríkà ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 2001. Wọ́n kó ọmọkùnrin 64 jọ, àwọn ọmọ ọdún 8 sí 12, wọ́n pín wọn sí ẹgbẹ́ 29, wọ́n sì fi ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sínú yàrá tí wọ́n tọ́jú ìbọn gidi sí. Kò sí ọta nínú rẹ̀. Àwọn àgbà ń wò wọ́n láti ẹ̀yìn gíláàsì tí àwọn ọmọ kò lè rí inú rẹ̀. Ẹgbẹ́ 21 rí ìbọn náà. Nínú ẹgbẹ́ 21 yìí, 16 gbé e lọ́wọ́. Nínú 10, ọmọ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fà á bí ìgbà tí ènìyàn fẹ́ yìnbọn. Ibi tí ó yẹ kí ó ká òbí lára nìyí: ó lé ní ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn ọmọ tí ó fọwọ́ kàn án tí wọ́n ti kọ́ tẹ́lẹ̀ nípa ewu ìbọn. Wọ́n gbọ́ ìkìlọ̀, wọ́n mọ ìkìlọ̀, wọ́n sì gbé e. Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kí ó má ra á lọ́wọ́. Ìkìlọ̀ dára, ẹ má ṣe dá a dúró, ṣùgbọ́n kì í ṣe àgádágodo.

Kí ni kí á wá ṣe? Ẹnìkan yóò ní àpótí irin ńlá ni ó kù, irú èyí tí àwọn olówó ń rà ní ìlú òyìnbó, tí ó ga bí ènìyàn. Ta ni yóò rí owó irú rẹ̀ nínú wa? Ẹ fọkàn balẹ̀. Kì í ṣe àpótí ni ó ṣáájú. Ní 2005, ìwádìí mìíràn láti Amẹ́ríkà fi hàn pé ohun mẹ́rin ni ó ń dín ewu kù fún àwọn ọmọ àti àwọn ọ̀dọ́ inú ilé: kí ìbọn wà ní títì, kí ó má ní ọta nínú, kí ọta náà wà ní títì, kí ọta má sì sí lójú kan náà pẹ̀lú ìbọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ní èrè tirẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: méjì nínú wọn kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fọwọ́ sí ní Àbújá ní 2006, tí ó di òfin ní 2009, sọ ohun kan náà. Ó ní kí ẹni tí ó ń wá ìwé àṣẹ ìbọn fi hàn pé ibi tí kò léwu ni yóò máa gbé e sí, àti pé ọta rẹ̀ yóò wà lọ́tọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ó ṣòro jù fún ọdẹ, bẹ́ẹ̀ kò sì gba owó. Ìbọn ṣakabùlà, ẹnu rẹ̀ ni à ń gbà kì í: ẹ̀tù, ẹ̀kísà, ọta. Nígbà tí a bá ti kì í tán, kò rọrùn láti tú u. Ọdẹ tí kò rí ẹran pa lóru kò fẹ́ fi ẹ̀tù rẹ̀ ṣòfò, nítorí náà yóò gbé ìbọn tí ó ti kì wálé, yóò fi kọ́ ìṣó, pẹ̀lú èrò pé yóò tún padà sínú igbó lọ́la. Ìbọn yìí gan-an ni ó ń pa ọmọ. Ẹnìkan a sì máa rò pé bí òun bá ti yọ ohun ìtanná kékeré orí rẹ̀ kúrò, ó ti parí. Kò parí. Ẹ̀tù ṣì wà nínú rẹ̀, iná díẹ̀ sì tó fún ẹ̀tù. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó dé ibi tí ilé wà, nínú igbó níbẹ̀, ẹ yìn ín sí ibi tí ẹ mọ̀ dájú pé kò sí ènìyàn, tí kò sì sí àpáta tí ọta lè ta padà lára rẹ̀. Ẹ̀tù ẹyọ kan ni ẹ sọ nù. Ẹni tí ó ní ìbọn òyìnbó, èyí tí à ń ká láàárín, kò ní àwáwí rárá: kí ó ká a, kí ó yọ ọta, kí ó fojú ara rẹ̀ wo inú ọ̀pá ìbọn láti ẹ̀yìn kí ó tó wọlé.

Ìbọn tí à ń ká yìí tún ní àǹfààní kan tí ọ̀pọ̀ kò lò. A lè tú u sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Igi kékeré tí ó wà lábẹ́ ọ̀pá ìbọn ń yọ, bí ó bá sì ti yọ, ọ̀pá náà yóò kúrò lára ìdí rẹ̀. Ẹ ti igi kékeré yẹn mọ́ inú àpótí owó yín, kò ní rọrùn fún ẹni tí ó bá rí ìyókù láti lò ó. Òfin ilẹ̀ Faransé fún ìbọn àwọn ọdẹ gba èyí wọlé: kí ìbọn wà nínú àpótí irin, tàbí kí a yọ ara rẹ̀ kan tí kò fi ní ṣeé lò lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọgbọ́n tálákà ni.

Ní ti ṣakabùlà tí kò ṣeé tú bẹ́ẹ̀, ẹ̀wọ̀n irin àti àgádágodo tí ó dára yóò ràn wá lọ́wọ́. Kí ọ̀mọ̀lé ri òrùka irin mọ́ inú ògiri sìmẹ́ǹtì; kí ẹ̀wọ̀n gba inú òrùka náà, kí ó sì gba inú irin róbótó tí ó yí ibi tí à ń fà ká. Ìbọn tí a ti tú nìkan ni a lè ṣe èyí fún, nítorí ẹ̀wọ̀n lè fa ohun tí ìka ń fà. Bí ògiri bá jẹ́ ti amọ̀, òrùka kò ní dúró. Òpó ilé ni kí ẹ lò.

Bí owó bá wá wà láti ṣe àpótí, ẹ má ṣe wá a lọ sí ìlú òyìnbó. Ẹ lọ bá àwọn ajórin tí ń fi iná mànàmáná lẹ irin mọ́ irin, àwọn tí ń ṣe ilẹ̀kùn àti fèrèsé onírin. Wọ́n wà ní Àjàṣẹ́, wọ́n wà ní Kétu, wọ́n wà ní Ṣábẹ̀ẹ́. Ẹ gbé ìwọ̀n ìbọn yín dání, nítorí ṣakabùlà gùn ju ìbọn òyìnbó lọ, àpótí tí wọ́n ṣe fún ìbọn òyìnbó lè má gbà á. Ẹ béèrè bí irin náà ṣe nípọn tó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kì í fẹ́ kí irin àpótí ìbọn fúyẹ́ ju mílímítà 2 lọ. Ẹ di ìwọ̀n yẹn mú. Ibi tí owó ti sábà máa ń ṣòfò ni ọ̀dà tí ń dán àti ọwọ́ ilẹ̀kùn tí ó lẹ́wà. Ẹ fi owó yẹn sí ibi mẹ́ta tí olè ń wò: ìdè tí ilẹ̀kùn fi ń yí, kí ó wà nínú, kí wọ́n má baà gé e láti ìta, ibi tí àgádágodo ń gbà, kí irin bò ó tí ayùn kò fi ní ráyè wọ ibẹ̀, àti ẹ̀yìn àpótí, kí ó ní ihò mẹ́rin fún bóòtù tí yóò dè é mọ́ ògiri. Àpótí tí a kò dè mọ́ ohunkóhun, olè yóò kàn gbé òun àti ìbọn inú rẹ̀ lọ pọ̀.

Kọ́bọ́ọ̀dù irin àlòkù tí àwọn ilé iṣẹ́ ń tà nígbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ ẹrù ńkọ́? Irin rẹ̀ fẹ́lẹ́. Yóò dá ọmọdé dúró, kò ní dá olè tí ó ní irin lọ́wọ́ dúró. Bí owó yín kò bá ju ìyẹn lọ, ẹ rà á, kí ẹ fi àgádágodo méjì sí i, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ọmọ ni a kọ́kọ́ ń ṣọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: ẹ má ṣe kó ẹ̀tù sínú àpótí irin yìí! Ọ̀pọ̀ ni yóò fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, wọn yóò rò pé àwọn ń ṣọ́ra. Ẹ̀tù tí ó bá gbaná níbi gbangba yóò jó fòò. Èyí tí ó bá gbaná nínú irin tí a tì pa yóò bú gbàmù, irin náà fúnra rẹ̀ yóò sì di ọta. Àpótí onígi tí ó nípọn ni ibùgbé ẹ̀tù, pẹ̀lú àgádágodo tirẹ̀, jìnnà sí ààrò, sí fìtílà àti sí ẹni tí ń mu sìgá. Kí ẹ gbé e lé orí òkúta, nítorí ikán. Kí ẹ̀tù inú rẹ̀ má sì pọ̀ ju èyí tí ẹ fẹ́ lò láìpẹ́ lọ.

Ọ̀rinrin pẹ̀lú jẹ́ ọ̀tá, pàápàá fún àwọn ará Àjàṣẹ́ tí wọ́n wà lẹ́bàá ọ̀sà. Iyọ̀ tí ẹ̀tù ń fi sílẹ̀ nínú ọ̀pá ìbọn ń fa omi, omi ń fa ìpẹtà. Ẹ fi omi gbígbóná fọ inú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, ẹ fi òróró ẹ̀rọ pa á, ẹ má sì fi aṣọ tàbí awọ wé e nínú àpótí.

Wàyí o, kọ́kọ́rọ́. A ti rí àpótí tí ó dára tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lórí àtẹ́rígbà. Gbogbo ọmọ inú ilé ni ó mọ̀ ọ́n. Kọ́kọ́rọ́ ìbọn kò ní ibùgbé mìíràn ju ara ẹni tí ó ní ìbọn lọ, ní ọrùn tàbí ní ìgbànú. Bí bàbá bá ń rìnrìn àjò, kí ó mú un lọ. Kì í ṣe nítorí ọmọdé nìkan ni a ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀. Inú ilé ni ìjà ti ń ṣẹlẹ̀, àárín tẹ̀gbọ́n-tàbúrò lórí ilẹ̀, àárín tọkọtaya. Ọ̀dọ́ tí ìbànújẹ́ bò mọ́lẹ̀ lè wà nínú ilé kí a má mọ̀. Ìbínú máa ń rọ̀, ìbànújẹ́ náà a máa fúyẹ́, bí wọ́n bá ráyè. Àkókò tí ènìyàn fi ń wá kọ́kọ́rọ́ tí kò rí ni àyè náà.

A mọ ohun tí àwọn ọkùnrin yóò wí. “Bí olè bá dé lóru ńkọ́? Ṣé kí n ní kí ó dúró, kí n lọ ṣí àpótí?” Ìbéèrè gidi ni, a kò gbọdọ̀ fi ṣe ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Òru mélòó ni olè dé sí ilé yín láti ìgbà tí ẹ ti kọ́ ọ? Òru mélòó sì ni àwọn ọmọ sùn síbẹ̀? Ìbọn tí ó wà lára ògiri, olè tí ó bá wọlé nígbà tí ẹ wà lóko ni yóò kọ́kọ́ mú un, yóò sì fi í lọ ká ẹlòmíràn mọ́lé. Bí ẹ̀rù olè bá ń bà yín, ẹ fi owó ìlẹ̀kùn tí ó le ṣáájú owó ẹ̀tù. Ajá tí ó máa ń gbó náà wúlò, kò sì ṣèèṣì yìnbọn lu ẹnikẹ́ni rí.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan fún àwọn opó, torí a kì í sábà bá wọn sọ ọ́. Bí ọdẹ bá kú, ìbọn rẹ̀ a máa wà nínú ilé fún oṣù púpọ̀, kò sí ẹni tí ó mọ̀ bóyá ó ní ẹ̀tù nínú. Ìyá, ẹ má ṣe gbé e, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ tàbí àna gbé e lọ bí ogún kí ẹnìkan tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ pe ọdẹ àgbà kan tí ó mọ irú ìbọn náà, kí ó wá tú u. Lẹ́yìn náà kí ẹ lọ fi tó àwọn aláṣẹ létí, nítorí orúkọ olóògbé ni ìwé àṣẹ wà lórí rẹ̀, kì í ṣe orúkọ yín. Ní Togo, ẹ lè lọ bá àwọn jàndáámù. Ní Benin, a ti pa jàndáámù pọ̀ mọ́ ọlọ́pàá láti oṣù kìn-ín-ní 2018, nítorí náà àgọ́ ọlọ́pàá ni kí ẹ lọ. Ẹ mú ìwé àṣẹ náà dání, kí ẹ fi ìbọn sílẹ̀ nílé títí wọn yóò fi sọ bí ẹ ó ṣe gbé e wá.