Ewúro Tí Ìyá Wa Kì Í Já

Lẹ́yìn ilé wa ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní ìlú tí òkè àpáta yí ká, ni ọgbà kan wà tí ìyá wa fi ọwọ́ ara wọn dá. Kò tóbi. Ewúro wà níbẹ̀, èfìnrín wà níbẹ̀, tẹ̀tẹ̀ àti elégédé kò gbẹ́yìn, igi ọsàn méjì sì dúró ní igun ọgbà. Ibẹ̀ ni ọbẹ̀ ilé ti ń wá, ibẹ̀ náà ni owó ìwé wa ti jáde.

Ohun kan máa ń yà wá lẹ́nu nínú ọgbà náà. Ebè ewúro kan wà tí ìyá wa kì í já. Wọn a jẹ́ kí ó ga, kí ó gbó, kí ó sì tanná funfun nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí wọ́n bá ń gé èfìnrín fún títà, wọn a fi apá kan sílẹ̀ kí òun náà tanná. Nígbà tí a bá bèèrè ìdí rẹ̀, wọn a ní: “Ti àwọn àlejò mi nìyẹn.” Oyin ni àlejò tí wọ́n ń wí, àwọn oyin tí ń sọ̀kalẹ̀ wá láti ihò àpáta. Wọ́n tilẹ̀ máa ń bu omi sínú àwo pẹrẹsẹ, wọn a to òkúta wẹ́wẹ́ sí i kí oyin lè rí ibi dúró sí mu omi láìrì. A máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Lójú tiwa, ewé tí a kò tà, òfò ni.

Ìgbà òjò ni ìyá wa papò dà. A ṣe gbogbo ohun tí ó yẹ kí ọmọ ṣe fún òbí, ẹbí sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Nígbà tí ọyẹ́ dé, a ní a kò ní jẹ́ kí igbó gba iṣẹ́ ọwọ́ wọn. A ro ilẹ̀, a gbin ẹ̀wà, a ń bomi rin ín. Nígbà tí kòkòrò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀wà náà, a ra oògùn apakòkòrò lọ́jà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí oòrùn ti yọ, a fọ́n ọn sórí ẹ̀wà àti sórí gbogbo ohun tí ó wà nítòsí rẹ̀, títí kan èfìnrín tí ó ti tanná.

Kí ó tó di ọ̀sán, oyin ti ń já bọ́. Àwọn kan ń yí nílẹ̀, àwọn mìíràn ti kú sábẹ́ òdòdó tí wọ́n wá bá. Ìyá àgbà kan ládùúgbò wọlé wá, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n mi orí: “Ẹ̀yin ọmọ yìí, àlejò ìyá yín lẹ pa yìí o.” Wọn kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. A ti sunkún níbi ìsìnkú, ṣùgbọ́n ẹkún ọjọ́ yìí yàtọ̀. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ikú ni ó ṣẹ̀ wá. Lọ́jọ́ yìí, àwa gan-an ni a jẹ̀bi.

Láti ìgbà náà ni a ti ń kọ́ ohun tí ìyá wa mọ̀ tí a kò jókòó gbọ́. Bí oyin ilẹ̀ wa, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Apis mellifera adansonii, bá ti ń fa omi dídùn inú òdòdó, ìyẹ̀fun òdòdó náà a lẹ̀ mọ́ ọn lára. Yóò gbé e dé òdòdó mìíràn, ibẹ̀ ni èso ti ń bẹ̀rẹ̀. Kajú tí ń tanná lágbègbè wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nílò iṣẹ́ yìí kí ó tó lè so dáadáa. Elégédé náà nílò rẹ̀. Oyin sì lè fò tó kìlómítà 3 láti wá oúnjẹ. Nítorí náà, oògùn inú ọgbà kan lè ṣe ilé oyin tí ó wà lókèèrè ní jàǹbá.

Nísinsìnyí, a kì í fọ́n oògùn sórí ohun tí ó tanná. Eérú ni a kọ́kọ́ ń gbọ̀n sára ewé. Bí oògùn bá di dandan, ó di ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oyin ti padà sílé. A tún ebè ewúro náà ṣe, a sì ń pààrọ̀ omi inú àwo lójoojúmọ́.

Ẹ̀ẹ̀rùn tí ó tẹ̀ lé e, a gbọ́ ohùn wọn kí a tó rí wọn. Nígbà iṣẹ́, oyin òṣìṣẹ́ kì í sábà lò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 láyé. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn tí ó padà wá tí ó mọ ìyá wa. Òdòdó ni wọ́n mọ̀. Ibẹ̀ ni a ti rí i pé iṣẹ́ ọdọọdún ni ogún tí ìyá wa fi sílẹ̀. Ọdún tí a bá dá a dúró, ó tán nìyẹn.

Àwọn àgbà ní adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro. Ẹnu nìkan ni a rò pé wọ́n fi ń sọ ọ́, àṣé oyin pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí òbí yín ṣì wà láyé, ẹ bi wọ́n léèrè ìdí ohun tí wọ́n ń ṣe, kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì.

Láìpẹ́ yìí, ọmọdé kan ládùúgbò bi wá pé kí ló dé tí a kò já ewúro tó gbó tó báyìí. A dá a lóhùn pé: “Ti àwọn àlejò ìyá wa nìyẹn.”