Okùn lórí bẹ́ẹ̀dì: kì í ṣe gbogbo ara ló gbà á bákan náà o!

Bí wọ́n bá dárúkọ okùn l'Ábúlé Òkúta, ohun tó máa sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ni okùn ewúrẹ́, okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí, tàbí tàwọn apẹja Ìlàjẹ ní Bàrígà lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n okùn mìíràn wà tí àwọn tọkọtaya kan fi ń de ara wọn nínú yàrá, tó jẹ́ pé eré ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe. Ẹ má wulẹ̀ pariwo "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!", àgbàlagbà méjì tó ti fẹnu kò ni wọ́n o.

Ilẹ̀ Japan ni wọ́n ti sọ ọ́ di iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń pè ní kinbaku tàbí shibari. Láyé àtijọ́, ọ̀daràn ni wọ́n ń fokùn dè níbẹ̀. Ìgbà tó yá ni ayàwòrán kan, Seiu Ito (1882 sí 1961), bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán obìnrin tí wọ́n fokùn dè. Ọkùnrin yìí so ìyàwó ẹ̀, Kise, kọ́ sókè, orí nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ lókè, tòun toyún nínú! Dókítà wo ló máa gbọ́ ìyẹn tí ò ní figbe ta? Okùn jute ni wọ́n sábà máa ń lò, ìyẹn èyí tí wọ́n ń rí lára igi ewédú àti ìbátan ẹ̀, tí wọ́n tún fi ń ṣe àpò ìdọ̀họ. Ewédú táwọn kan fi ń jẹ àmàlà lẹlòmíì fi ń de ìyàwó ẹ̀.

Ibi tọ́rọ̀ wà rèé. Nínú fọ́tò, wọ́n á ká ọwọ́ ẹni náà sẹ́yìn, wọ́n á fokùn yí i láyà. Ẹni tí èjìká ń dùn kò lè ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó sanra tí ọwọ́ ẹ̀ ò pàdé lẹ́yìn. Irú wọn, iwájú ni kí wọ́n ti so ọwọ́ ẹ̀, tàbí kí wọ́n so ọwọ́ kọ̀ọ̀kan mọ́ itan. Ẹni tí orúnkún ń yọ lẹ́nu kò gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀, kó jókòó sórí àga. Ẹni tí ikùn ẹ̀ tóbi, kí wọ́n má dojú ẹ̀ délẹ̀, torí kò ní lè mí dáadáa. Ẹ̀gbẹ́ ni kó fi lélẹ̀ pẹ̀lú pílò. Àwọn mìíràn ò tiẹ̀ fẹ́ kó le, kí okùn ṣáà dì mọ́ wọn jẹ́jẹ́ ti tó. Ìbòrí sílíìkì táwọn kan rò pé ó rọ̀, òun gan-an ló ń fún jù, kókó ẹ̀ kì í tú bọ̀rọ̀.

Ọrùn kò sí níbẹ̀ rárá o. Apá náà gba ìṣọ́ra, torí iṣan kan gba ẹ̀gbẹ́ egungun apá òkè kọjá, bí okùn bá tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ á dorí kodò, kò ní lè gbé e sókè, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù kó tó padà. Ohun kan náà ló ń ṣe ọ̀mùtí tó sùn lé apá lórí àga. Bí ìka bá ti ń kú tàbí tó ń tutù, kí wọ́n tú u lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, kí wọ́n má fún okùn mọ́ ọn, kó sì kọ́kọ́ bi dókítà léèrè. Sísọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí, tọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú, nítorí iná lè lọ nígbàkigbà. Bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi ẹni tí wọ́n dè sílẹ̀ lọ ra súyà.

Nínú fésì-mi-n-fésì-ẹ, ẹni tó bá ń kígbe "Ẹ gbà mí o!", àwọn ará ilé á já ilẹ̀kùn. Ìdí nìyẹn tó fi dáa kí wọ́n ti jọ yan ọ̀rọ̀ kan, bíi "gààrí", tó jẹ́ pé bó bá ti jáde lẹ́nu, ó parí nìyẹn.

Lọ́dún 2019, WHO gbà láti yọ irú eré yìí láàárín àgbà tó fẹnu kò kúrò nínú ìwé àrùn. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn wa tó wà ní Peckham, kí wọ́n gbọ́ dáadáa: láti 1993 nilé ẹjọ́ tó ga jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ pé ẹni tó bá ṣe ẹnì kejì léṣe nínú irú eré bẹ́ẹ̀ kò lè fi "ó gbà bẹ́ẹ̀" bọ́. Òfin 2021 sì tún tẹnu mọ́ ọn. Ní Èkó níbí, ọkọ tó bá de ìyàwó ẹ̀ láìgbà, òfin ìwà ipá inú ilé tí wọ́n ṣe lọ́dún 2007 ló máa bá a sọ̀rọ̀.